Ó ń lọ̀ bí ọlọ tí mo bá yà sí òsì: ṣé ṣáàfù ni àbí bíárìn?

Ìbéèrè òǹkàwé kan: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọkọ̀ mi kékeré ni, ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí, ó sì ti rin nǹkan bí 190,000 kìlómítà. Ó ti tó oṣù kan tí ariwo kan ti wọ ọ́. Tí mo bá ń lọ gbọọrọ, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Àmọ́ tí eré mi bá ti kọjá 50, tí mo wá ń gba kọ́nà sí òsì, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ bí ẹni ń lọ yanrìn lórí ọlọ. Tí mo bá yà sí ọ̀tún, á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mẹ́káníìkì mi ní ṣáàfù ni. Ó pààrọ̀ ti òsì, kò sí ìyàtọ̀. Ká má parọ́, ó jọ pé ariwo náà tún ròkè sí i. Ó ti wá ní ti ọ̀tún ló kù báyìí. Ṣé kí n rà á?"

Ẹ má tíì rà á. Ṣáàfù, irin gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà, òun kọ́ ló ń ké bẹ́ẹ̀. Bíárìn ẹsẹ̀ iwájú lápá ọ̀tún, òrùka irin tí táyà ń yí lórí rẹ̀, ni mo fura sí, ohun tí ẹ fẹnu ara yín sọ ló sì jẹ́ kí n fura sí i. Ẹ ní ó di orí eré kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní tí ẹ bá yà sí òsì nìkan ló ń ké. Ẹ ní á dákẹ́ tí ẹ bá yà sí òdìkejì. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí tó ṣì nawọ́ sí ṣáàfù, kò fetí sílẹ̀ ni.

Ṣáàfù tó ti bàjẹ́ ní ohùn tirẹ̀. Jọ́ìntì tó wà ní ìparí rẹ̀ lápá táyà, èyí tí àwa mẹ́káníìkì ń pè ní CV, ọmọ irin róbótó mẹ́fà ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń rìn nínú kòtò tirẹ̀. Tí kòtò yẹn bá ti jẹ, ọmọ irin á máa fò kọjá ibi tó jẹ náà, ohun tí ẹ ó sì gbọ́ ni kà-kà-kà-kà, bí ẹni ń ṣẹ́ ẹ̀ka igi gbígbẹ léraléra. Ìgbà tó ń ṣe é ni ìgbà tí ẹ bá yí sítíárìn dé ìparí, tí ẹ wá tẹ tọ́tù, bí ìgbà tí ẹ ń yí ọkọ̀ padà níbi tó há. Eré kékeré, sítíárìn yíyí púpọ̀. Tiyín, eré púpọ̀ ni, sítíárìn kò sì yí ju díẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjèèjì ò pàdé rárá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, CV kì í déédéé kú. Rọ́bà tó bò ó ló máa ń kọ́kọ́ ya, tí gíríìsì á dà síta, tí omi àti iyẹ̀pẹ̀ á wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo inú ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn: tí rọ́bà náà bá pé, tí kò sí gíríìsì dúdú tó ta sára ẹ̀yìn rímù, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ṣáàfù yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tí ṣáàfù òsì tí wọ́n yọ bá ṣì wà nílẹ̀, ẹ gbà á, ẹ tẹ orí rẹ̀ síbí sọ́hùn-ún kí ẹ sì máa yí i. Èyí tó ti bàjẹ́ á máa há, á máa jà lọ́wọ́ yín. Tí ó bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ohun tó ṣì dára ni ẹ sanwó lé lórí.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń gba kọ́nà sí òsì, ara rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n lára, torí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló máa ń fẹ́ rọ́ lọ sí apá ọ̀tún. Ẹrù ọkọ̀ tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, bíárìn tó wà láàárín ẹsẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀ sì gbà kọjá. Tí inú rẹ̀ bá ti bó, ibẹ̀ ni á ti figbe ta. Tí ẹ bá wá yà sí ọ̀tún, ẹrù kúrò lórí rẹ̀, ó sinmi, ẹnu rẹ̀ pa. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń sọ láàárín ara wa pé apá tí o ò yà sí ni kí o kọ́kọ́ wò.

Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ kò díjú. Òrùka irin méjì ni bíárìn, ti inú àti ti òde, àwọn ọmọ irin wà láàárín wọn pẹ̀lú gíríìsì, a sì fi rọ́bà tín-ínrín dí ẹnu rẹ̀ ní apá méjèèjì. Rọ́bà yẹn á gbó, omi á yọ́ wọlé, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀. Ojú irin tó ń dán tẹ́lẹ̀ á wá máa bó ní ẹyọ kéékèèké, bí ọ̀dà ara ògiri tí ọ̀rinrin ti wọ̀. Èyí tó bó á di yanrìn irin, yanrìn náà á sì máa ha ibi tó kù. Tí ẹ bá gbá kòtò ńlá kan ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìgbájú kan ṣoṣo tó lágbára tó fún àwọn ọmọ irin náà láti tẹ ojú ibi tí wọ́n ń rìn, kó ní kòtò kéékèèké.

Àmọ́ o, mo sọ pé mo fura ni, mi ò sọ pé mo mọ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo fi etí nìkan dá ọkọ̀ kan lẹ́jọ́. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mo di ojú mi, mo ní ọ̀tún ni. A tú ọ̀tún, a fi tuntun sí i, a gbé ọkọ̀ jáde, ariwo ò mira. Òsì ni. Àwọn irin abẹ́ ọkọ̀ so mọ́ra, ìró ń gba ara kan dé ara kejì, ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ lè jìnnà sí ibi tó ti ṣẹ̀. Ó tún ku ọ̀kan: bíárìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ìlà ọmọ irin méjì ló wà nínú ẹyọ kan, ìlà inú àti ìlà òde. Ìlà tó bá jẹ ló ń pinnu ìgbà tí yóò ké, nítorí náà a máa ń rí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ pé apá tí ẹ yà sí gan-an ló ti bàjẹ́. Ọ̀gá mi ò bá mi jà lọ́jọ́ náà. Ó kàn ní tó bá di ọjọ́ mìíràn, kí n fọwọ́ lé sípíríǹgì kí n tó lanu sọ̀rọ̀. N ó dé orí sípíríǹgì náà láìpẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò méjì lójú ọ̀nà, ní ibi tó gbòòrò tí ọkọ̀ ò pọ̀. Ẹ sáré dé bí 70, kí ariwo náà wà níbẹ̀, kí ẹ wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kí ẹ sì fi jíà sí N. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì o, nítorí agbára tó ń ràn yín lọ́wọ́ lórí sítíárìn àti bíréèkì á lọ, sítíárìn tún lè há mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì á ti rọlẹ̀ báyìí, ọkọ̀ ṣì ń yí lọ. Tí ariwo bá dúró síbẹ̀, tó ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń rọra lọ, ọwọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló wà: bíárìn, táyà tàbí bíréèkì. Tí ó bá bá ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ìdánwò kejì: ẹ tẹ bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ó ń ké. Tí ohùn bá yí padà lójú ẹsẹ̀, ẹ fi bíréèkì sínú àwọn tí ẹ fura sí.

Táyà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ bíárìn tó ṣì dára ni wọ́n ti jù nù nítorí ẹ̀ṣẹ̀ táyà. Táyà tó jẹ ségesège máa ń hu hùùù lórí eré tí ẹ ó sì búra pé bíárìn ni. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí rẹ̀ lọ, kí ẹ tún fà á bọ̀. Tó bá yọ̀ lọ́wọ́ ní apá kan tó sì ha yín lọ́wọ́ ní apá kejì bí eyín ayùn, tàbí tí ẹ bá kan gegele àti kòtò kéékèèké lórí rẹ̀, ẹ gbé táyà iwájú lọ sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn síwájú, ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí ẹ tún ọ̀nà yẹn gbà. Ariwo tó bá táyà ṣí lọ sẹ́yìn kì í ṣe ti bíárìn iwájú.

Ó wá kan gbígbé ọkọ̀ sókè. Ilẹ̀ tó tẹ́, tó sì le. Ẹ fi nǹkan dí táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí táyà tó kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn tí jáàkì bá gbé e, kí ẹ ti sítáǹdì sábẹ́ rẹ̀ níbi tí irin ti lágbára. Ẹni tó bá ti orí bọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi ń ṣeré. Ẹ fi jíà sí N.

Sípíríǹgì náà rèé. Ẹ fi ọwọ́ kan di irin sípíríǹgì tó yí ṣọ́ọ̀kì ká mú, ẹ rọra dì í, ẹ má fún un. Ẹ fi ọwọ́ kejì yí táyà, kó máa lọ fúnra rẹ̀. Bíárìn tó dára, ẹ ò ní mọ nǹkan kan lọ́wọ́, bí ẹni di igi tó dúró jẹ́ẹ́ mú. Èyí tó ti bó á ránṣẹ́ sí yín gba inú irin yẹn: ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ rírì-rírì, bí ẹni ń wọ́ àpótí lórí òkúta wẹ́wẹ́ nínú yàrá kejì. Ọwọ́ máa ń mọ èyí nígbà tí etí ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ lọ ṣe ti òsì náà bákan náà, torí àfiwé ló ń jẹ́ kó dáni lójú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀, ìwọ̀nba ìdọ̀tí ló máa kàn yín lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbá táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ máa fà á kí ẹ máa tì í. Kò gbọdọ̀ mì. Tí ó bá mì, kí ẹnì kan wọ inú ọkọ̀ kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún ṣe é. Bí mímì náà bá dópin, bíárìn ni, nítorí pé bíréèkì ti so apá tó ń yí mọ́ apá tí kì í yí. Bí ó bá ṣì ń mì, ẹ wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì nísàlẹ̀, ìyẹn oríkèé tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀, ìyẹn sì léwu ju ohun tí ẹ torí rẹ̀ kọ̀wé lọ, torí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó bá já lójú ọ̀nà, ńṣe ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ á dà wó. Tí mímì bá wà ní ọ̀tún àti òsì táyà, tí kò sí lókè àti nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ orí táì rọ́ọ̀dù ni, irin tí sítíárìn fi ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bíárìn ò bàjẹ́ nítorí pé táyà ò mì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ké fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí wọ́n tó mì.

Kí ẹ tó sọ táyà kalẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn dísìkì bíréèkì. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń dáàbò bo dísìkì lọ́wọ́ omi àti ẹrẹ̀. Àyè tó wà láàárín òun àti dísìkì kò pọ̀ rárá. Tí ọwọ́ ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tàbí tí òkúta kékeré bá há síbẹ̀, á máa ha irin, á sì máa le sí i nínú kọ́nà nítorí pé họ́ọ̀bù, irin àárín tí a de táyà mọ́, ń tẹ̀ díẹ̀ nígbà yẹn. Ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ wá bá mi rí lẹ́yìn tó ti pààrọ̀ bíárìn iwájú méjèèjì níbòmíràn. Mo yọ táyà, mo fi sikirudíráfà gbé etí páànù náà sókè fẹ́ẹ́rẹ́, òkúta kan tí kò tó èékánná àtàńpàkò já bọ́ sílẹ̀. Ara òkúta náà ti ń dán bíi dígí níbi tí dísìkì ti fọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà mú un lọ sílé. Ohùn irú èyí máa ń tinrín, ṣíì-ṣíì-ṣíì, kì í kún bí ti bíárìn, dísìkì tàbí páànù á sì ní ojú àpá kan tó yípo tó ń dán. Mo mẹ́nu bà á fún yín nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹsẹ̀ òsì yín ni. Ọwọ́ ẹni tó ń fa ṣáàfù jáde lè kan páànù yẹn láìmọ̀, èyí sì lè jẹ́ ara ohun tó mú kó dà bíi pé ariwo ròkè. Ìka ọwọ́ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ padà, kò gba owó. Ẹ tún wo bí pádì bíréèkì ṣe nípọn tó bí ẹ ti wà níbẹ̀. Tí ohun tó kù lórí irin rẹ̀ kò bá ju mílímítà 3 lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ kà á sí pé sípíríǹgì ti jẹ́rìí, bíárìn ọ̀tún ni. Oríṣi méjì ló wà, ọkọ̀ yín ló máa sọ èyí tí ẹ ní. Ọ̀kan, bíárìn àti họ́ọ̀bù wà pọ̀ bí ẹyọ kan, bóòtù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló dì í mú sára nọ́kùlù, ìyẹn irin ńlá tó gbé bíárìn àti họ́ọ̀bù dúró. Ẹni tó ní irinṣẹ́ lè ṣe é nínú ọgbà ilé rẹ̀. Èkejì, bíárìn nìkan ni, a sì tẹ̀ ẹ́ wọ inú nọ́kùlù pẹ̀lú agbára. Èyí nílò ẹ̀rọ pírẹ́ẹ̀sì, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí pírẹ́ẹ̀sì yìí. Òrùka tó ń wọ ibi tó há ni kí agbára bá. Bí bíárìn ṣe ń wọ inú nọ́kùlù, ẹ̀gbẹ́ òrùka òde ni kí wọ́n tẹ̀. Bí họ́ọ̀bù ṣe ń wọ inú bíárìn, kí wọ́n fi irin ti òrùka inú lẹ́yìn. Tí wọ́n bá tẹ òrùka tí kò kàn, gbogbo agbára yẹn á gba orí àwọn ọmọ irin kọjá, wọ́n á sì fi kòtò kéékèèké sílẹ̀ lára bíárìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ já nínú páálí. Èmi náà ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Mo fi òòlù gbá ọ̀kan wọlé ní ọjọ́ tí pírẹ́ẹ̀sì ò sí nítòsí, tí oníbàárà sì dúró tì mí lọ́rùn. Ó wọlé, ó sì dákẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ náà fi padà wá pẹ̀lú ohùn kan náà, mo fi owó ara mi ra òmíràn. Nítorí náà, ẹ béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: "Ṣé ẹ ní pírẹ́ẹ̀sì?" Tó bá jẹ́ òòlù ni wọ́n nawọ́ sí, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Tí ọkọ̀ yín bá ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú rọ́bà méjèèjì tó dí ẹnu bíárìn jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì. Òun ni sẹ́ńsọ̀ ń kà láti mọ bí táyà ṣe ń sáré tó. Ojú lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a mọ̀, àmọ́ tí ẹ bá rọra mú píìnì ìwé sún mọ́ ọn, ẹ̀gbẹ́ tó bá fà á ni. Ẹ̀gbẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí sẹ́ńsọ̀. Tí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò, ọkọ̀ á máa lọ dáadáa o, iná ABS ni kò ní kú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ ó sì tún padà lọ tú u látòkèdélẹ̀. Tí iná yẹn bá ti ń tàn nísinsìnyí pẹ̀lú ariwo, ó lè jẹ́ àmì mìíràn pé bíárìn ni.

Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà ní orí ṣáàfù láàárín họ́ọ̀bù, èyí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì 30, 32 tàbí 36 máa ń bá mu, kì í ṣe ṣáàfù nìkan ló dì mú. Òun ló ń fún òrùka inú bíárìn pọ̀. Tí kò bá le tó, àwọn òrùka yẹn á máa ṣí síra wọn. Tó bá le jù, bíárìn á gbóná. Iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yín kọ sínú ìwé ni kí wọ́n fi sípánà oníwọ̀n dì í dé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, iye náà ju 180 Nm lọ (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń dì í), kì í ṣe ohun tí apá lè fojú bù. Gọ́ọ̀nù afẹ́fẹ́ tó ń ké tàràrà kì í ka ìwọ̀n. Kí ẹnì kan tẹ bíréèkì nínú ọkọ̀, kí wọ́n dì í tó iye yẹn kí táyà tó gbé ẹrù ọkọ̀, kí nọ́ọ̀tì náà jẹ́ tuntun tó bá jẹ́ irú tí a ń tẹ etí rẹ̀ mọ́ ṣáàfù. Mo fẹ́ kí ẹ bi mẹ́káníìkì yín ní ìbéèrè kan nípa ti òsì tó tú: kí ló fi dì í padà? Tí kò bá lè dá yín lóhùn tààrà, kí wọ́n yẹ èyí náà wò ní ọjọ́ kan náà, torí bíárìn òsì lè jẹ́ èyí tó kàn.

Ẹ ò nílò kí ẹ pààrọ̀ méjèèjì. Pádì ni a ń ṣe ní méjìméjì, bíárìn kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá tú bóòtù tó so nọ́kùlù mọ́ ṣọ́ọ̀kì, kí wọ́n fi ẹfun ìkọ̀wé tàbí ọ̀dà sàmì sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì ṣe àláímẹ́ǹtì, ìyẹn títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó dúró bó ṣe yẹ, lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé ẹ lè máa wà á lọ kó tó di ọjọ́ iṣẹ́? Tí kò bá mì, tí kò gbóná, ẹ lè rọra gbé e dé ibi tí wọ́n ti máa tún un ṣe, lórí eré tó kéré. Ẹ má gbé e rin ìrìn àjò. Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ tí ẹ sì rí i pé àárín rímù apá kan gbóná ju ti apá kejì lọ gan-an, tàbí tí sítíárìn bá ti ń gbọ̀n, kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí ọkọ̀ mìíràn. Bíárìn tó bá jẹ dópin lè há pátápátá tàbí kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yọ.

Fún ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí tí ariwo tirẹ̀ ò bá ti òǹkàwé wa yìí mu: tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ dúró síbi kan, tí ẹ kàn ń yí sítíárìn, tí ó sì ń kérora wùùù, ẹ wo ọ́ìlì sítíárìn ná. Ó lè ti lọ sílẹ̀, tàbí kí afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀ kó máa hó. Irú ọ́ìlì tí wọ́n kọ sórí ìdérí rẹ̀ ni kí ẹ dà sí i, ẹ má po oríṣi méjì pọ̀, ẹ má sì di sítíárìn mú ní ìparí rẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, torí pọ́ǹpù ń jìyà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lo iná nìkan fún sítíárìn kò ní ọ́ìlì yìí rárá. Tó bá ń dún gbì, tí sípíríǹgì ń ta bí okùn gìtá bí ẹ ṣe ń yí i, kí ẹnì kan máa yí sítíárìn, kí ẹ fọwọ́ lé sípíríǹgì. Bíárìn orí ṣọ́ọ̀kì ti há nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ ìparí yíyí nìkan ni ó ti ń ha, táyà ló ń kan ike tó bo inú ihò tí táyà wà, ẹ ó rí ojú àpá dúdú tó ń dán lára ike náà, pàápàá tí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi táyà tó tóbi ju ti ọkọ̀ náà lọ sí i. Àwọn tí ọkọ̀ wọn ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, tí wọ́n gbàgbé lífà sí 4H, ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń fà, lórí ọ̀nà ọ̀dà gbígbẹ, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó wá ìdí ariwo kankan.

Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé sí wa, lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí rẹ̀, ẹ má gba ọkọ̀ náà nínú ọgbà. Ẹ gbé mẹ́káníìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ lọ gba kọ́nà òsì kan náà lórí eré kan náà, kí gíláàsì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn bí 100 kìlómítà, ẹ tún di nọ́ọ̀tì táyà wò. Kí ẹ sì gba bíárìn àtijọ́ lọ́wọ́ wọn: ẹ gbé e sétí, ẹ fi ìka yí i díẹ̀díẹ̀. Yanrìn tí ẹ ń gbọ́ láti oṣù kan, inú rẹ̀ ló wà.